Kí Ẹ Tó Sanwó Àgọ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Birmingham, ní Manchester, títí dé Glasgow lọ́hùn-ún, ọlidé gígùn ti ń bọ̀. Ní Scotland, ìparí oṣù kẹfà ni ilé ìwé máa ń gba ọlidé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń di ọwọ́ ìparí oṣù keje. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí owó hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun máa ń dà ní kété tí àwọn ọmọ bá ti gba ọlidé. Ìdílé tó bá ní ọmọ mẹ́ta, tí ìyá àgbà tún ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá kí wọn, yàrá méjì ni wọ́n máa sanwó rẹ̀, bóyá mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń béèrè nípa ìpàgọ́. Àgọ́ wo la lè rà tí kò ní fún wa ní wàhálà? Ṣé èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí dára? A ní kàráfáànì kékeré, báwo la ṣe lè fi yàrá kún un?

Èmi fẹ́ràn ìpàgọ́ dénú. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ojú ọ̀run tí iná títì kò bò mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹyẹ kí tẹlifóònù tó dún. Nítorí náà, ó máa ń dùn mí wọra tí ìdílé kan bá ti ná owó gọbọi sórí àgọ́, tí òjò alẹ́ kan ṣoṣo wá lé wọn padà sílé ní aago mẹ́ta òru, tí wọ́n sì ń sọ káàkiri pé ìpàgọ́ kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Ti wa ni o. Pápá, òkè àti etíkun ìlú tí à ń sanwó orí fún, ti wa náà ni. Àgọ́ tí wọ́n rà ni kò bá wọn mu.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Gbogbo ẹni tó ń ta àgọ́ tó tètè ń dúró, iye ìṣẹ́jú tó fi ń dúró ló máa ń sọ fún yín. Ẹ bá mi bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń wálẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ọmọ ń sunkún, tó jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀ láti ká a. Ẹ tún bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i tí afẹ́fẹ́ bá dé láàárín òru. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ní Ìlú Ọba yìí, kò sí oṣù tí eji kò lè rí yín, àní nínú oṣù kẹjọ pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó yá jù. Ní 2005, Decathlon, ilé ìtajà ohun eré ìdárayá ti ilẹ̀ Faransé, gbé àgọ́ kan jáde lábẹ́ orúkọ Quechua, wọ́n pè é ní 2 Seconds. Wọ́n ti rán àwọn ọ̀pá tó máa ń ta padà mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ jù ú sókè, kó tó balẹ̀ ó ti di àgọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kíká rẹ̀ ni ọ̀tọ̀. Ẹ ní láti kó àwọn ọ̀pá náà pọ̀ sójú kan, kí ẹ tẹ orí wọn wálẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi lọ́ bíi nọ́ńbà 8, kí ẹ wá yí òbìrìkítí kan lé èkejì lórí, kí ẹ sì dì í kó tó ta mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ti kọ́ ọ nílé, á bá a wọ̀jà ní pápá. Tí ẹ bá sì ká a tán, ó ṣì fẹ̀ pẹrẹsẹ, búùtù ọkọ̀ kékeré lè má gbà á. Fún ọ̀dọ́ méjì tó ń lọ sí àjọ̀dún orin, ó dára púpọ̀. Fún ìdílé, mi ò ní dámọ̀ràn rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kò ga tó kí àgbà dúró nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, orí ìdùbúlẹ̀ ló ti máa wọ̀ ọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àgọ́ tí egungun irin rẹ̀ ti wà lára aṣọ láti ilé iṣẹ́. Ẹ ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ ó gbé àárín rẹ̀ sókè, ẹ ó fa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí á fi dún kẹ́. Èyí tó tóbi tó fún ìdílé wà nínú irú wọn, kíká wọn sì rọrùn. Oríkèé wọn ni ẹ máa ṣọ́: ike ni ibi tí àwọn irin náà ti pàdé lókè, bí ike yẹn bá kán, gbogbo àgọ́ ló dojú bolẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta oríkèé náà lọ́tọ̀. Tí ẹni tó ń tà á kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ mú owó yín lọ síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí fún àwọn tó ní kánópì àríyá nílé, èyí tí a máa ń fi ṣe ọjọ́ ìbí lẹ́yìnkùlé. Ẹ má gbé e lọ fi ṣe àgọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òrùlé rẹ̀ gbòòrò, afẹ́fẹ́ etí òkun á gbé e fò lu ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ó wá kan àgọ́ afẹ́fẹ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Dípò òpó irin, ọ̀pá rọ́bà tó nípọn ló gbé e ró, pọ́ǹpù la sì fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Vango ti Scotland, Outwell ti Denmark àti Kampa wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ẹ ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ ó fi èèkàn kan igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó ki ẹnu pọ́ǹpù bọ ojú ihò rẹ̀, ẹ ó máa fẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe é. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn fún ìyá tó ń dá tọ́mọ, àti fún tọkọtaya tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa lé ọmọ kékeré kiri pápá. Tí ẹ bá sì fẹ́ lọ, ẹ ṣí ihò náà, ẹ ká àgọ́ láti apá òdìkejì lọ sí apá ibi tí ihò wà, afẹ́fẹ́ á máa jáde bí ẹ ṣe ń ká a.

Ẹ fi ọkàn sí nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá tàbí nínú ìwé rẹ̀. Psi ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì wà láàárín 6 sí 9. Táyà mọ́tò máa ń gba nǹkan bíi 30 sí 35, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà nílé epo kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, á bẹ́ ẹ. Pọ́ǹpù tó bá a wá, tó ní aago ìwọ̀n lórí, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dúró síbi tí wọ́n ní kí ẹ dúró. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, ọ̀pá á tẹ̀ nígbà tí ìjì bá tì í. Tí òòrùn bá mú ganrínganrín, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbilẹ̀, ọ̀pá á le kankan. Ẹ tú díẹ̀ jáde. Tí òtútù alẹ́ bá dé, ó máa rọ̀ díẹ̀. Ẹ fi kún un kí ẹ tó sùn.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù ni pé bí ẹ̀gún bá gún un ńkọ́? Ọ̀pá náà kì í ṣe ẹyọ kan. Rọ́bà fẹ́lẹ́ wà nínú, àpò aṣọ tó le bò ó, àpò náà sì ní síìpù. Ẹ ó ṣí síìpù, ẹ ó fa rọ́bà jáde, ẹ ó fi àlẹ̀mọ́ dí ihò rẹ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gún kọ́ ló ń bà á jẹ́ jù. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí rọ́bà lọ́ mọ́ra nínú àpò, tàbí kí síìpù má pa dé òpin, kí wọ́n sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bẹ́ẹ̀. Rọ́bà á yọ orí síta, á sì bẹ́.

Ìwúwo ni àléébù rẹ̀. Àgọ́ afẹ́fẹ́ ti ìdílé lè wọn ogún kílò, ọ̀pọ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kò lè gbé e. Thomas Hiram Holding, tó kó àwọn apàgọ́ jọ ní 1901 tí ẹgbẹ́ wọn fi di èyí tí à ń pè ní Camping and Caravanning Club lónìí, télọ̀ ni. Orí kẹ̀kẹ́ lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé àgọ́ wọn sí. Ohun tí kẹ̀kẹ́ kò bá lè gbé, kò sí nínú ẹrù wọn. Tiyín náà, ẹ kọ́kọ́ wo búùtù ọkọ̀ yín, kí ẹ rántí pé ẹrù oúnjẹ, bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ ọmọ ṣì máa wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé orí òjò. Lára àgọ́ tí wọ́n ń tà, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ HH sí lẹ́gbẹ̀ẹ́: 2,000, 3,000, 4,000, 6,000. Bí wọ́n ṣe rí i nìyí: wọ́n gbé ọ̀wọ̀n omi lé aṣọ náà lórí, wọ́n ń fi omi kún un, wọ́n sì ń wo ibi tí omi máa ga dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán nísàlẹ̀. Mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Aṣọ tó jẹ́ 3,000 lè gbé omi tó ga tó mítà mẹ́ta kó tó jò. Nílùú yìí, 1,500 ni wọ́n máa ń kà sí ìwọ̀n tó kéré jù kí wọ́n tó lè sọ pé omi kò lè wọ aṣọ kan. Fún ìdílé tó máa lo ọ̀sẹ̀ kan, èmi kò ní gba ohun tó bá dín sí 3,000, aṣọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí orúnkún ọmọ àti ẹsẹ̀ àga ló máa ń tẹ omi wọlé láti inú ilẹ̀. Ẹ wọ inú àgọ́ náà, kí ẹ fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀. Ẹ máa bá tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi lẹ ojú abẹ́rẹ́. Ibi tí tẹ́ẹ̀pù náà bá ti ṣí, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, polyester fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì tètè ń gbẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń móoru lọ́sàn-án, òjò á sì máa dún lórí rẹ̀ pàpàpà. Èyí tí wọ́n fi òwú pò mọ́ ọn, polycotton, ń mí. Ó tutù lọ́sàn-án, ó sì dákẹ́ lóru. Ó dára ju èkejì lọ fún oorun, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, tí kò bá sì gbẹ dénú kí ẹ tó kó o pamọ́, ó máa bu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nínú fúláàtì tí kò ní ọgbà, ẹ ra polyester.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn dá àgọ́ tó dára padà síbi tí wọ́n ti rà á. Wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n bá omi lára ògiri àgọ́, wọ́n ní ó ń jò. Kò jò. Èémí wọn ni. Èèyàn márùn-ún tó sùn sínú aṣọ títí ilẹ̀ fi mọ́ máa mí omi púpọ̀ jáde. Ìta tutù, inú gbóná, omi náà á so mọ́ aṣọ bó ṣe ń so mọ́ ara ife tí a bu omi yìnyín sí. Ohun tí àwa Yorùbá sì máa ń ṣe tí òtútù bá mú ni pé ká dí gbogbo ihò, ká fi aṣọ há ẹnu ọ̀nà. Ẹ má dí i. Àwọn ojú ihò kéékèèké tó wà lókè àti nísàlẹ̀ àgọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní ṣíṣí mọ́júmọ́, kí ẹ fi kúbùsù kún kúbùsù. Ẹ sì ra àgọ́ tí yàrá ibi sísùn rẹ̀ jẹ́ aṣọ kejì nínú aṣọ ìta. Omi tó bá so mọ́ ti ìta kò ní kán lé ọmọ lórí.

Ẹ̀yin oní-kàráfáànì, ó yá. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní awning, àtíbàbà ni màá máa pè é: yàrá aṣọ tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàráfáànì, tí ilẹ̀kùn kàráfáànì ṣí sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàtà ẹlẹ́rẹ̀ máa wà. Ibẹ̀ la ti máa jẹun tí òjò bá ń rọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti máa ta lúdò nígbà tí ìyá àgbà ń sinmi nínú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kàráfáànì yín dáadáa: irin kan tó ní ihò gbọọrọ yí i ká láti iwájú gba òkè dé ẹ̀yìn. Okùn roboto kan wà tí wọ́n rán mọ́ etí àtíbàbà, inú ihò irin yẹn ló máa gbà. Mìlímítà 6 ni okùn náà sábà máa ń jẹ́, àwọn kan sì jẹ́ 4. Ẹ wò ó kí ẹ tó rà á, kó má bàa máa jábọ́.

Ìwọ̀n ni ibi tí owó ti ń ṣòfò jù. Tí ẹ bá fẹ́ àtíbàbà tó máa gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ kàráfáànì, ẹ gbé kàráfáànì dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ wá okùn tí kì í nà. Ẹ fi ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ níwájú, lábẹ́ ibi tí irin oníhò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ irin náà gòkè, ẹ bá a kọjá lókè, ẹ bá a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn títí okùn á fi tún kan ilẹ̀. Ẹ wọn okùn yẹn. Iye sẹ̀ǹtímítà tí ẹ bá rí ni ẹ máa mú lọ sọ́jà, torí bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn: èyí wà fún 950 sí 975, èyí wà fún 1,000 sí 1,025. Tí ẹ bá kàn ra èyí tó wù yín lójú, aṣọ á fà jù tàbí kó sọ̀ wọ́lọ́, omi òjò á sì gbá jọ sórí òrùlé rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìrọ̀rùn àti ìyára lẹ ń wá, èyí tó kéré, tó bo kìkì àárín ẹ̀gbẹ́ kàráfáànì níbi tí ilẹ̀kùn wà, ni mo máa fi lé yín lọ́wọ́, kó sì jẹ́ oní-afẹ́fẹ́. Tirẹ̀ kò nílò okùn yíyíká. Gíga irin láti ilẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, ó sì sábà máa ń wà láàárín 235 sí 250 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ kàn ṣọ́ra kí òpó rẹ̀ tó máa fara ti kàráfáànì má bọ́ sójú fèrèsé tàbí sórí ilẹ̀kùn àpótí gáàsì. Kí ẹ tó fa okùn rẹ̀ wọlé, ẹ fi àkísà nu ihò irin náà, ẹ fọ́n sílíkónì díẹ̀ sí i. Ẹnì kan á máa fà, ẹnì kejì á máa bọ́ aṣọ sí i lẹ́nu ihò. Ẹni tó ń bọ́ ọ ló ni iṣẹ́. Tí ó bá kánjú, ẹnu irin á ya aṣọ.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó ní ọkọ̀ kámpà, torí ó máa wa ọkọ̀ náà lọ sọ́jà tàbí etí òkun láàárọ̀. Àtíbàbà tó lè dá dúró nígbà tí ọkọ̀ bá lọ ló nílò, èyí tó ní ọ̀nà aṣọ kan tí a ń so mọ́ ọkọ̀, tí a sì lè tú. Gíga ni kí ẹ wò níbẹ̀ náà. Ọkọ̀ tó ga ní nǹkan bíi mítà méjì, irú Volkswagen Transporter, ló ni èyí tí wọ́n kọ 180 sí 210 sẹ̀ǹtímítà sí. Mọ́tòhómù gíga sábà máa ń fẹ́ èyí tó kọjá 240. Kí ẹ tó wa ọkọ̀ jáde, ẹ fi àmì sílẹ̀ níbi tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn wà, kí ẹ lè padà sí ojú kan náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, alaalẹ́ ni ẹ ó máa sún ọkọ̀ síwá sẹ́yìn kí aṣọ tó lè dé ibi tó yẹ kó dé.

Níbo la lè pa àgọ́ sí? Ní Scotland, òfin ilẹ̀ ti 2003 fún èèyàn láyè láti pàgọ́ kékeré sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a kò fi ọgbà ká, níwọ̀n ìgbà tí a bá bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀. Ní England àti Wales, ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Apá kan Dartmoor ní England ni ibi tó gbajúmọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fi ìdí ẹ̀tọ́ láti pàgọ́ níbẹ̀ múlẹ̀ ní 2025. Àgọ́ ìdílé tí à ń sọ yìí, pápá ìpàgọ́ tí a ń sanwó rẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ bóyá wọ́n ń gba owó lọ́tọ̀ lórí àtíbàbà, àti bóyá koríko ni tàbí òkúta wẹ́wẹ́.

Ìbéèrè nípa òkúta yẹn ṣe pàtàkì, torí èèkàn tí wọ́n máa ń dì mọ́ àgọ́ láti ilé iṣẹ́ rọ̀, òkúta á tẹ̀ ẹ́ kòlòbà. Ẹ ra èèkàn irin tó le lọ́tọ̀, kí ẹ mú òòlù dání. Ẹ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orí rẹ̀ fì sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, kí ẹnu rẹ̀ sì wọlẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ àgọ́. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá jù nílùú yìí. Ẹ kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí i, kí ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà wà ní òdìkejì. Okùn tí ẹ bá rí lára àgọ́, ẹ fà á pátá, bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ mọ́ rekete. Afẹ́fẹ́ lè dé lóru, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ máa kan èèkàn pẹ̀lú aṣọ oorun lára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ rédíò díẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ lè gbàgbé rẹ̀ kí n sì dárí jì yín, àyàfi èyí. Ẹ má ṣe gbé ààrò èédú wọ inú àgọ́ tàbí àtíbàbà. Mo mọ̀ wá. A fẹ́ràn àsun, a fẹ́ràn súyà, a fẹ́ràn àgbàdo sísun, tí òjò bá sì dédé dé nígbà tí ẹran kò tíì jinná, ọwọ́ á máa yún wa láti sún ààrò sábẹ́ òrùlé. Tí a bá tún jẹun tán, tí òtútù dé, ẹlòmíràn á ní iná ti kú, kí á gbé èédú tó kù wọlé kó fún àwọn ọmọ ní ooru. Èédú tó ń kú lọ yẹn gan-an ló ń tú carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú kò rí i. Inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wọ̀, á gba àyè afẹ́fẹ́ tí ara ń lò. Orí á máa fọ́, èébì á máa gbé èèyàn, oorun á máa kùn ún, ẹni tó bá sì sùn lọ báyìí lè má jí mọ́. Èèyàn ti kú bẹ́ẹ̀ rí nínú àgọ́ nílùú yìí. Ṣíṣí fèrèsé àgọ́ kò tó láti gbà yín.

Sítóòfù gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ náà, ìta ni àyè wọn. Ẹ ra ẹ̀rọ tó máa ń pariwo tó bá gbọ́ carbon monoxide. Èyí tí wọ́n kọ EN 50291-2 sí lára ni wọ́n ṣe fún kàráfáànì àti ọkọ̀ ojú omi. Ẹ gbé e dání, ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ gbé iná wọlé. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta gbangba kíá, ẹ pe 999. Iná tún lè ràn láti àgọ́ kan dé èkejì, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ pápá fi ń fẹ́ kí mítà mẹ́fà wà láàárín wọn.

Ìrọ̀rùn ńkọ́? Ẹ má gba iye èèyàn tí wọ́n kọ sára àgọ́ gbọ́. Àgọ́ ẹni mẹ́fà túmọ̀ sí pé ẹni mẹ́fà lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, èjìká kan èjìká, láìsí àpò kankan. Ìdílé ẹni mẹ́rin tó fẹ́ ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n ra ti ẹni mẹ́fà. Ẹ tún ro ti ìyá àgbà. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn kò lè rá wọ inú àgọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó máa so ìró lórí ìdùbúlẹ̀. Ó yẹ kí àgọ́ ga kọjá orí ẹni tó ga jù nínú ilé, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ má ní ìdènà tó ga tó máa gbé èèyàn lẹ́sẹ̀ ṣubú lóru, kí ibùsùn mama sì jẹ́ èyí tó ní ẹsẹ̀, tí wọ́n lè jókòó sí kí wọ́n tó dìde. Ilẹ̀ ni òtútù ti ń wá. Bẹ́ẹ̀dì oní-afẹ́fẹ́ nìkan tutù lábẹ́. Ẹ tẹ́ kúbùsù sáàárín ara àti bẹ́ẹ̀dì.

Tí pápá bá ní iná mànàmáná, ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀. Áńpíà 10 lórí iná 230 fóòtì kò ju 2,300 wáàtì lọ, kẹ́tù ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń lò sì lè jẹ 3,000. Tí ẹ bá ti tan án, iná á lọ, ìrẹsì orí ẹ̀rọ á sì dúró láàbọ̀ jinná. Wọ́n ń ta kẹ́tù kékeré tí wọ́n ṣe fún kàráfáànì.

Ní ọjọ́ tí ẹ máa padà sílé, tó bá jẹ́ pé òjò ń rọ̀, ẹ má bá aṣọ tó ti rin jà kí ó lè wọ àpò rẹ̀. Ẹ mú àpò ńlá tàbí tàpólì dání, ẹ kó àgọ́ tútù náà síbẹ̀ gbàgà, ẹ gbé e lọ. Àgọ́ tí àpò rẹ̀ gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ dára ju èyí tí ẹ ní láti fi orúnkún tẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ wo èyí lọ́jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá délé, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó tú u. Ẹ fi kọ́ sórí àtẹ̀gùn, sí ilẹ̀kùn, sórí ọ̀pá bálùwẹ̀, yàrá kan lónìí, yàrá kejì lọ́la. Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ tó ní ọgbà. Ẹ bẹ àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín. Aṣọ tó bá bu, òórùn rẹ̀ kì í lọ mọ́, omi sì máa ń rí ọ̀nà gba ojú ibẹ̀.

Àwọn ilé ìtajà ńlá kan máa ń pa àwọn àgọ́ wọn sílẹ̀ kalẹ̀ láti ìgbà ìrúwé kí èèyàn lè wọ inú wọn. Ẹ kó gbogbo ilé lọ, ẹ mú mama dání. Ẹ bọ́ bàtà, kí gbogbo yín dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọmọ tó kéré jù ṣí síìpù, kó pa á, torí òun ló máa ṣe é jù láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó wó o lulẹ̀, kó ká a níṣojú yín. Ẹ jókòó, ẹ wò ó dé òpin.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ la máa gbé yẹ̀ wò: ohun tí a lè sè lórí sítóòfù olójú kan tí àwọn ọmọ máa jẹ tán, àti bí a ṣe lè gbé ata lílọ̀ rìnrìn àjò láìkan.